Ẹ̀gẹ́ àti Àrùn tí ń Di Ẹsẹ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a ó sọ lónìí, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń tọpasẹ̀ olè. Olè tí mo ń wí yìí kì í jí owó, kì í jí aṣọ; ẹsẹ̀ ni ó ń jí. Ní ilẹ̀ kan, ènìyàn yóò sùn ní àlàáfíà, ilẹ̀ yóò mọ́, yóò fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò ní gbà fún un. Ní ilẹ̀ mìíràn, olè náà kì í kánjú. Yóò máa yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún oṣù mélòó kan, fún ọdún mélòó kan, títí ẹni tí ó ti ń rìn dé oko àti ọjà yóò fi di ẹni tí ń fọwọ́ tọ́ ògiri.

Kí a tó máa tọpasẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ. Àṣẹ náà ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, ó ń tọ àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní iṣan ìmọ̀lára, títí yóò fi dé ẹran ẹsẹ̀. Àwọn fọ́nrán mìíràn ń gbé ìròyìn padà sí ọpọlọ: pé ilẹ̀ gbóná, pé òkúta wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ fi wé ààfin ọba. Ọba lè wà lórí ìtẹ́, àwọn ará ìlú lè wà ní sẹpẹ́, ṣùgbọ́n bí àwọn ìránṣẹ́ tí ń rìn láàárín wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn, àṣẹ ọba kò ní dé ibì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ṣe lè ní egungun, kí ó ní ẹran, síbẹ̀ kí ó má lè gbé ẹni tí ó ni ín.

Ohun púpọ̀ ni ó lè pa àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí lára. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe é, àtọ̀gbẹ ń ṣe é, ìjàǹbá ọkọ̀ ń ṣe é, àrùn rọpárọsẹ̀ tí ń mú ọmọdé náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tí a ó gbé yẹ̀wò lónìí, inú ìkòkò oúnjẹ ni àwọn onímọ̀ ti lọ wá a. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fura sí, ẹ̀gẹ́ tí àwọn mìíràn nínú yín ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá.

Ẹ má tíì da ẹ̀bà yín nù o! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹ̀gẹ́ fún yín.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Àwọn onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbìn ín, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn Potogí gbé e láti Bràsíìlì wá sí etí òkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, àti àwọn ọmọ wọn, padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, wọ́n mú ọgbọ́n sísọ ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ gbígbẹ bọ̀. Àwọn òpìtàn gbà pé wọ́n wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí gààrí tàn kálẹ̀. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè tí ẹ̀gẹ́ ti ń jáde láti oko tó Nàìjíríà ní gbogbo àgbáyé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọgbọ́n náà bá ẹ̀gẹ́ rìn. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gẹ́ ní idà lábẹ́ aṣọ. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà lódindi, èròjà yìí dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tàbí tí ẹranko bá gé e jẹ, linamarin yóò pàdé èròjà mìíràn tí ó wà nítòsí rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì bí májèlé kan tí ń jẹ́ sayanáìdì. Ohun tí ẹ̀gẹ́ fi ń gbèjà ara rẹ̀ nìyẹn lọ́wọ́ kòkòrò àti ẹranko. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní i púpọ̀. Ẹ̀gẹ́ dídùn ní i níwọ̀nba.

Kí ni àwọn ìyá wa wá ń ṣe sí i? Wọ́n ń bó o, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń kó o sínú àpò, wọ́n ń gbé nǹkan wúwo lé e kí omi rẹ̀ ó ro, wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n ń yan án lórí iná. Bí ó bá jẹ́ fùfú tàbí láfún ni, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi rọ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àṣedànù nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Rínrin àti rírẹ ń jẹ́ kí májèlé náà tú jáde. Omi tí ń ro ń gbé e lọ. Afẹ́fẹ́ àti iná ń lé èyí tí ó kù. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ sayanáìdì ni ọwọ́ àwọn obìnrin ti mọ bí a ṣe ń lé e kúrò nínú oúnjẹ.

Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ara ènìyàn náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Imí ọjọ́ wà nínú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà. Òun ni ara ń lò láti sọ sayanáìdì di ohun mìíràn tí kò le tó o, tí ń jẹ́ thiocyanate, tí a sì ń tọ̀ dànù. Nítorí náà, ẹni tí ń fi ọbẹ̀ ẹlẹ́ja jẹ ẹ̀bà ní odi tí ó yí i ká. Ẹni tí ó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni àárọ̀, ẹ̀gẹ́ ni alẹ́, tí kò rí ẹja tàbí ẹ̀wà fi kún un, odi tirẹ̀ ti wó. Ẹ rántí thiocyanate yìí o, nítorí a lè wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ìtọ̀. Ipasẹ̀ olè ni, òun sì ni àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé.

Ìwádìí náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1897, dókítà kan tí ń jẹ́ Henry Strachan kọ̀wé nípa 510 aláìsàn tí ó rí ní erékùṣù Jàmáíkà. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n bí iná, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń kú, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, ìrìn wọn kò gún mọ́. Strachan rò pé ibà ni ó fà á. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wá di ọ̀gá àwọn dókítà ìjọba ní Èkó. Ní ọdún 1930, dókítà mìíràn, Moore, tí ó ṣiṣẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ojú wọn kò mú ìwé kíkà mọ́. Òun kò dá ibà lẹ́bi. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ohun kan máa dín nínú oúnjẹ wọn.

Ní ọdún 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, UCH. Àwọn aláìsàn tí ń fi ọ̀pá rìn, tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò mọ̀ bí ẹsẹ̀ àwọn bá ti kan ilẹ̀, ń wá síbẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti agbègbè Ẹ̀pẹ́ wá. Ní ọdún 1966, Dókítà Monekosso, ọmọ Kamẹrúùnù, àti Dókítà Wilson, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà pé àwọn rí thiocyanate nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn báyìí ju bí ó ti yẹ lọ. Olè ti fi ipasẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tí ó wá tẹ̀ lé ipasẹ̀ náà dé ojú ọ̀nà oko ni Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì, tí a bí ní ọdún 1935. Ó kọ́ṣẹ́ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1968, ó tẹ ìwádìí ńlá kan jáde nípa àrùn yìí. Ó yẹ ojú, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn wò. Ó wọn bí àṣẹ ṣe ń yára tó lórí iṣan wọn. Ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹran àti ẹja kò tó nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ mìíràn, thiocyanate inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀. Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lọ bá àwọn ènìyàn nílé, wọ́n yẹ aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le wò, wọ́n sì sọ ní ọdún 1969 pé àrùn náà pọ̀ jù níbi tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ olórí oúnjẹ.

Wọ́n wá gbìyànjú ìwòsàn. Wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní fítámì àti èròjà tí ó ní imí ọjọ́, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí a kò fún. Ní ọdún 1974, wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde láìfi ohunkóhun pamọ́: oògùn náà kò mú kí ìrìn àwọn tí ó lò ó sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Iṣan tí ó ti bàjẹ́ tipẹ́ kì í yára jí. Ìdí nìyẹn tí ó fi sàn kí a ká olè mọ́ ẹnu ọ̀nà ju kí a máa lé e nígbà tí ó ti gbẹ́rù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìbàdàn sílẹ̀ ná, kí a lọ wo olè kejì, èyí tí ń dé lójijì. Ní ilẹ̀ Kóńgò ni a ti kọ́kọ́ kọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1938, Dókítà Trolli ṣàlàyé nípa àrùn kan ní agbègbè Kwango tí àwọn ará ibẹ̀, àwọn Yaka, ń pè ní konzo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni ẹsẹ̀ tí a dì. Àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá ọlọ́mọ ni ó ń mú jù. Láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò le gan-an bí igi, ẹni náà yóò sì máa fi ìka ẹsẹ̀ rìn, orúnkún yóò máa gbá ara wọn. Kì í pọ̀ sí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kì í lọ.

Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní àríwá Mòsáńbíìkì. Àgbàdo àti ẹ̀wà kú sí oko. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni ó dúró. Ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè dúró dè é kí ó gbẹ, kí ó sì kan bí ó ti yẹ. Iye àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dì lé ní 1,000, ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn. Ìjọba kọ́kọ́ rò pé àrùn tí ń ràn ni, àwọn kan tilẹ̀ fura sí májèlé ogun. Dókítà Julie Cliff, ará Ọsirélíà, àti Dókítà Hans Rosling, ará Sùwídìn, wà lára àwọn tí ó lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń ka àwọn aláìsàn, tí wọ́n sì ń yẹ inú ìkòkò wò. Thiocyanate ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò gbàgbé ọgbọ́n rẹ̀. Ebi ni ó gba ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣòwò gbọ́ ọ dáadáa. Ní agbègbè Bandundu ní Kóńgò, a ṣe títì ọlọ́dà dé Kinshasa, olú-ìlú. Ohun rere ni títì. Ọkọ̀ ń wọlé, owó ń wọlé, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ ra ẹ̀gẹ́. Àṣà àwọn obìnrin ibẹ̀ ni pé kí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí ọjà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lẹ́yìn alẹ́ kan. Thorkild Tylleskär àti àwọn dókítà ọmọ Kóńgò tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999 pé níbi tí a ti gé ọjọ́ rírẹ kúrú ni konzo ti ń jà. Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tí ó ní èrò ibi: awakọ̀ fẹ́ tètè lọ, oníṣòwò fẹ́ èrè, ìyá fẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹsẹ̀ ọmọ kan náà ni ó san gbèsè ọjọ́ méjì tí a gé kúrò.

Ṣùgbọ́n a rí àtúnṣe. Howard Bradbury, onímọ̀ kan ní Ọsirélíà, ronú ọgbọ́n tí kò náni lówó. Ó ní kí a da omi sí èlùbọ́ ẹ̀gẹ́, kí a pò ó, kí a tẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ fún wákàtí méjì nínú oòrùn tàbí wákàtí márùn-ún lábẹ́ òjìji, kí a tó sè é. Láàárín ìgbà náà, májèlé yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ní ọdún 2010 sí 2011, àwọn obìnrin abúlé Kay Kalenge ní Kóńgò tẹ̀ lé ọgbọ́n yìí, konzo kò sì mú ẹni tuntun níbẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Omi, oòrùn àti sùúrù ni gbogbo oògùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé báyìí, nítorí ìtàn tiwa kò tíì parí. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìwádìí Osuntokun, Dókítà Oluwole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, sí Òsósà, ìlú Hubert Ogunde, ògbóǹtarìgì eré orí ìtàgé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn ẹsẹ̀ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀ síbẹ̀: nínú 100 ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, ó wà lára 6, ó pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì pọ̀ jù lára àgbàlagbà.

Wọ́n wá ṣe ohun tí ó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọn kò gba ọ̀rọ̀ Osuntokun gbọ́ nítorí pé ẹni ńlá ni. Wọ́n dán an wò. Wọ́n wọn ipasẹ̀ májèlé náà lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì wọ̀n ọ́n lára àwọn tí ara wọn le ní ìlú kan náà. Ti àwọn aláìsàn kò ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n lọ sí ìlú mìíràn tí sayanáìdì ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ nínú oúnjẹ. Àrùn náà kò pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2002 àti 2003, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ó dà bí ẹni pé sayanáìdì inú ẹ̀gẹ́ kọ́ ni ó ń fa àrùn tí ń rọra dé yìí. Ti konzo, ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa wà nínú rẹ̀. Ti Ìjẹ̀bú, àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, “Tíṣà, ṣé Osuntokun kò wá mọ ohun tí ó ń ṣe ni?” Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Osuntokun, tí ó kú ní ọdún 1995, ni ó sọ àrùn náà di ohun tí a lè mọ̀, tí a lè kà, tí a lè wọ̀n. Bí kò bá fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ ní kedere, kí ni àwọn tí ó tẹ̀ lé e ìbá rí dán wò? Àwọn àgbà wa sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí. A kì í dá a lẹ́ẹ̀kan kí a tún sùn.

Kí ni ó wá kàn wá nínú rẹ̀? Èkíní, ẹ má gé ọjọ́ ẹ̀gẹ́ kúrú. Gààrí tí a rin, tí omi rẹ̀ ro, tí ó kan dáadáa, tí a sì yan, kò yẹ kí ó dẹ́rù bà yín. Èyí tí a fi ìkánjú ṣe fún ọjà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ dá wà nínú àwo. Bí owó ẹran kò bá sí, ẹ̀wà wà, ẹja kékeré wà. Ẹ̀kẹta, bí ẹsẹ̀ bá ń ta bí iná, tàbí tí ó ń kú, ẹ má sọ pé aráyé ni, kí ẹ wá máa wojú ìyá arúgbó kan ní àdúgbò. Ẹ tètè lọ bá dókítà. Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ ohun mìíràn tí a lè dá dúró bí a bá tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó sì ti ń fi ọ̀pá rìn, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ara irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kékeré kan wà fún yín. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ bi ìyá yín tàbí ìyá yín àgbà pé: ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ ń lò nínú omi tàbí nínú àpò ní ìlú wa, kí sì ni ẹ fi ń mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé, kí ẹ sì béèrè ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn dókítà tí a sọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀.